Ilé Yín Á Tutù, Mà

Ṣọ́ọ̀bù ọtí Noreen Stidham kò ju yàrá kan ṣoṣo lọ, lẹ́bàá títì tó gba ìlú Wetaka kọjá lọ sí Tulsa. Àná ni ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ dákẹ́, nínú oṣù Keje, nígbà tí oòrùn Oklahoma kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Noreen fóònù Hubert tó máa ń bá a tún un ṣe, Hubert kò gbé e, ó bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán òní, ìgò méjì ti bẹ́ fúnra wọn lórí pẹpẹ. Bí ìyókù bá tún fi ooru yìí sùn, ọtí á kan, ọjà á sì bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyẹn ì bá ṣì sàn. Ní nǹkan bí aago kan ni Maxine àbúrò rẹ̀, tí òun náà ń ta ọtí ní ìlú kejì, pè é pẹ̀lú ohùn ẹkún. Àwọn aṣọ́tí ti jáde! Aṣọ́tí ni gbogbo ọlọ́tí àdúgbò náà ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọtí. Wọn kì í wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣe bí oníbàárà, wọ́n sì ń mú tẹmómítà dání. Ìgò mẹ́fà tí Maxine gbé síwájú fáànù ni wọ́n rí lánàá tí wọ́n fi ní kó ti ilé rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ọtí líle kò gbọdọ̀ tutù nínú ṣọ́ọ̀bù ní Oklahoma. Bó bá tutù, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Noreen wo yìnyín tó wà nínú ife tíì tirẹ̀, ó sáré lọ dà á sí títì. Ọdún méjìlélógún ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ti wà lára ògiri láìní àbàwọ́n, ìwé àṣẹ náà ló sì fi ń jẹun. Kò ní jẹ́ kí horo yìnyín mẹ́ta gbà á lọ́wọ́ òun.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn wọlé. Noreen kò rí i rí. Ó sanra, òógùn bò ó, ó gbé àpótí irin kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Tẹmómítà ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ibí ni wọ́n ti fẹ́ nǹkan tútù?"

"Rárá o, sà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó fẹ́ nǹkan tútù níbí."

"Háà. Ọ̀gá mi ní wọ́n fẹ́ ẹ lójú méjèèjì."

"Ọ̀gá yín ló rán yín wá?"

"Òun ni. Ó ní kí n tètè débí, torí ibi mẹ́rin ni mo ní láti dé lónìí."

"Ibi mẹ́rin! Ti àná ńkọ́?"

"Àná, ọ̀dọ̀ màmá kan ní ìlú kejì ni mo wà. Bí mo ṣe wò ó báyìí, mo rí i pé ó ti kọjá àtúnṣe. Mo bá tì í pa."

Noreen di tábìlì mú. Maxine nìyẹn, kò lè jẹ́ ẹlòmíì.

"Ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀?"

"Àánú kẹ̀? Ó ti gbó, mà. Ó ń kígbe ṣáá, omi ń jáde lára rẹ̀ níwá lẹ́yìn."

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta péré!"

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Abájọ. Ó yẹ kí wọ́n ti gbé e lọ jù sí ààtàn tipẹ́tipẹ́."

Noreen gbé ìbínú mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín fún agbowó-orí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. "Kí n tó kúrò níbí, ilé yín á tutù."

"Kò ní tutù!"

"Mà?"

"Mo ní kò ní tutù."

"Àdúrà ni mo ṣe fún yín. Ẹ ṣàmín."

"Mi ò ní ṣàmín! Ilé mi á gbóná. Á gbóná láàárọ̀, á gbóná lọ́sàn-án, á gbóná nírọ̀lẹ́, lórúkọ Jésù!"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. "Onígbàgbọ́ lèmi náà, mà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó ń gbóná láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, wọn kì í gbàdúrà kí wọ́n lè débẹ̀."

"Ẹ sáà máa báṣẹ́ yín lọ, sà."

Ó na tẹmómítà sí pẹpẹ tí àwọn ìgò tò sí. Noreen di ojú. Ó tún la ọ̀kan.

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún! Háà, èyí burú."

"Ó burú? Ó kéré ni?"

"Kéré kẹ̀? Ó ń jó bí iná!"

"Ó ń jó bí iná!" Noreen pàtẹ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Báírò pupa wà níbí."

"Mà, ọtí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. À ń gbìyànjú ni."

"Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti bẹ́!"

"Méjì ló bẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ni wọ́n bẹ́ sí. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé itọ́ tí kò sí lẹ́nu rẹ̀ mì. "Mà, ẹ má bínú. Ọ̀fun mi..."

"Òfin yín? Mo mọ̀ ọ́n lórí!"

"Ọ̀fun ni mo wí, mà. Ó ti gbẹ."

"Kò gbẹ rárá, sà. Ó ṣì dúró digbí. Gbogbo wa là ń pa á mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa ọ̀fun mi mọ́?"

"Òfin ìjọba, sà!"

"Ti ìjọba kọ́, mà, tèmi ni. Ti ìjọba kì í gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà mí ní ìgò kan tó tutù."

Ó dé! Noreen mọ̀ pé pàkúté tí wọ́n dẹ fún òun rèé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí.

"Kò sí tútù, sà. Ẹ wo orí pẹpẹ, ẹ wo abẹ́ tábìlì, ẹ wo inú báàgì mi."

"Yìnyín yín ńkọ́?"

"Ẹ má yìn mí, sà. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

"Yìnyín ni mo wí."

"Mo ti gbọ́. Ẹ ti yìn mí, ó tó. Ẹ sáà kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ọkùnrin náà wo inú fìlà rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ wà níbẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tútù lẹ fẹ́, sà," ni Noreen ń bá a lọ, "ẹ sọdá sí ilé epo iwájú yẹn. Àwọn ni ìjọba fún ní tútù. Ọtí mẹ́ta-méjì ni wọ́n ń tà."

"Kí ló ń jẹ́ mẹ́ta-méjì?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń dán mi wò ni. Ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, agbára inú rẹ̀ kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin kọ ọ́ pé kì í pa èèyàn."

"Tiyín wá ńkọ́?"

"Tèmi ń pa èèyàn."

Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò nídìí pẹpẹ.

"Ṣé... ìjọba mọ̀?"

"Ìjọba ló fún mi níwèé àṣẹ! Òun ló wà lára ògiri yẹn. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹni mélòó ló ti pa?"

"Gbogbo Wetaka. Àgàgà bó bá di Saturday tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ń pa dókítà, ó ń pa olùkọ́. Ó ń pa pásítọ̀ ìjọ wa pàápàá, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lòun ń gbà wọlé. Bí mo bá sì pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, a kì í mọ ara wa."

"Ẹ tún ń pàdé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú?"

"Ta ló kú? Ó yó ni!"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó tún sún mọ́ pẹpẹ, ó ń wo àwọn ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò rí ọtí Colorado kan tí mo máa ń mu. Wọ́n ya àwòrán ẹja sára agolo rẹ̀."

"Ẹ ò lè rí i. Àwọn tó ń pọn ọ́n ní kò gbọdọ̀ gbóná, adùn rẹ̀ á bàjẹ́. Ìjọba tiwa ní kò gbọdọ̀ tutù. Wọn ò gbà fún ara wọn, wọ́n bá dá a dúró sí ààlà."

"Ó ṣì wà ní ààlà títí di báyìí?"

"Ẹ lọ wò ó. Lọ́jọ́ ìsinmi, gbogbo ọkọ̀ Wetaka wà ní ààlà Texas, wọ́n lọ kí i."

"Ẹ jẹ́ kó yé mi, mà. Èyí tí kì í pa èèyàn ló ń tutù. Èyí tó ń pa èèyàn ló ń gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sà."

"Torí kí ni?"

"Kí ẹni tó bá rà á má baà mu ún nínú ọkọ̀ kó tó délé."

"Ṣé ó lè wá mu èyí tí kì í pa èèyàn nínú ọkọ̀?"

"Ìyẹn náà, kò gbọdọ̀ mu ún."

"Kí wá ni tútù tirẹ̀ wà fún?"

Láti ọdún méjìlélógún, kò sẹ́ni tó bi Noreen ní ìbéèrè yìí rí.

"Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, sà. Ẹ jẹ́ kí n ka èyí tí mo mọ̀." Ó dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ pè síwájú. "Mi ò ta yìnyín. Mi ò ta ife. Mi ò ta ọ́pínà. Mi ò ta gúgúrú, mi ò ta ẹ̀pà, mi ò ta ọsàn wẹ́wẹ́. Mi ò ṣílé ní Sunday, mi ò ṣílé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Lẹ́tà ara pátákó mi ò ga ju ínṣì mẹ́rin lọ, ẹ wọ̀n ọ́n. Mi ò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀."

"Mà, kí lẹ wá ń tà gan-an?"

"Sùúrù, sà. Ẹ óò rà á lọ́wọ́ mi, ẹ óò wá lọ jókòó tì í nídìí fíríìjì yín."

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara. Noreen wò ó títí. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Bí wọ́n bá máa pa á, kí wọ́n kúkú pa á kíá.

"Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, sà. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yin ni aṣọ́tí?"

Ṣùgbọ́n etí ọkùnrin náà kò gbọ́ aṣọ́tí. Aṣọ ọtí ló gbọ́, èyí tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe, tí wọ́n máa ń wọ̀ fún agolo ọtí kó má baà tètè gbóná. Ojú rẹ̀ tàn. Láti ìgbà tó ti wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yé e nìyí.

"Aṣọ ọtí? Mo ní i dáadáa! Mẹ́ta wà nínú ọkọ̀."

"Mẹ́ta! Nínú oòrùn yìí?"

"Kò sóhun tó máa ṣe wọ́n. Mo ká wọn sábẹ́ ìjókòó."

"Ẹ ká wọn?"

"Wọ́n rọ̀, mà. Ẹ lè ká wọn, ẹ lè jókòó lé wọn, ẹ lè fọ̀ wọ́n kí ẹ sá wọn sórí okùn. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ẹ̀kẹta ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí a lọ pẹja. Àmọ́ kò burú, ìyàwó mi ló rán an."

"Ìyàwó yín ló rán an?"

"Òun ló rán gbogbo wọn."

"Ìyàwó yín lọ̀gá!"

"Nínú ilé wa? Bẹ́ẹ̀ ni o, mà. Kò sí ìjà níbẹ̀."

Noreen fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀bùn ló ń tì í lójú láti béèrè.

"Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀kan? Mo lè fi èyí pupa ta yín lọ́rẹ."

"Kí n fi í ṣe kí ni?"

"Kò le rárá. Ẹ kàn máa ki ọtí sí i nínú, títí dé ọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní ní ìṣòro kankan mọ́."

Rìbá nìyẹn, láìfi bò. Inú bí Noreen débi pé ó gbàgbé ẹ̀rù. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, sà! Ọlọ́tí ni mí, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fi rìbá di ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí! Ẹ lọ sọ fún ìyàwó yín! Ẹ lọ sọ fún èyí pupa, ẹ sọ fún èyí dúdú! Tẹ́ ẹ bá máa tì mí pa, ẹ tì mí pa, bẹ́ ẹ ṣe ti Maxine!"

"Ta ni Maxine?"

"Àbúrò mi! Èyí tí ẹ tì pa lánàá! Tí ẹ ní ó gbó, tí ẹ ní omi ń jáde lára rẹ̀!"

Ọkùnrin náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀ sáyà.

"Mà, ẹ̀rọ amúlétutù ni mo tì pa lánàá."

Ìgò kan bẹ́ lórí pẹpẹ, wọn ò bojú wò ó.

"Ẹ̀rọ kí ni?"

"Amúlétutù. Clovis ni mò ń jẹ́. Hubert tí ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún, àbúrò bàbá mi ni, òun náà sì lọ̀gá mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè gun àkàbà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Missouri dé."

"Missouri."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ilé epo ń ta tútù, ilé oògùn ń ta tútù, àti líle àti fẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bá tútù ṣẹjọ́ níbí."

Noreen jókòó sórí páálí ọtí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún náà tún padà di ẹ̀rín. Ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ó ti parí fún òun. Nígbà tó gbójú sókè, "sà" ti fò lọ.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí! O wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú tẹmómítà, o ò sọ orúkọ rẹ!"

"Ẹ ò bi mí, mà. Àmín lásán, ẹ ò bá mi ṣe."

"Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fi sin ọkọ mi, Clovis. Òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Bí wọ́n bá tì í, mi ò mọ iṣẹ́ mìíì ṣe, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sì ni mí. Jọ̀ọ́, lọ gun àkàbà rẹ."

Clovis gun àkàbà. Ó tú irin kan, ó na òmíì ní òòlù, ó bú ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wúkọ́, ó kérora, lẹ́yìn náà ó ké ramúramù, atẹ́gùn tútù sì ya bo gbogbo ilé. Noreen na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Háà! Olúwa ṣeun. Àmín, Clovis! Àmín tí mo jẹ ọ́ rèé."

"Mo gbà á, mà."

"Ó ti tó báyìí. Dín in kù."

"Kò ṣeé dín kù."

"Kí lo wí?"

"Nǹkan tó ń dín in kù ti jóná. Ó di ọjọ́ Tuesday kí tuntun tó ti Tulsa dé. Títí di ìgbà náà, nǹkan méjì ló mọ̀ ọ́n ṣe: kó kú, tàbí kó ya wèrè." Clovis na tẹmómítà sókè. "Yàrá ti wà ní ọgọ́ta báyìí. Á dé ogójì, tí ó kù díẹ̀ kí omi di yìnyín. Kí ẹ tó tilé nírọ̀lẹ́, àwọn ìgò yìí á ti bá a débẹ̀."

Noreen fò sókè. "Pa á!"

"Bí mo bá pa á, wọ́n á máa bẹ́."

"Bí o ò bá pa á, wọ́n á ti ilé mi!"

Clovis fọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń pa á.

"Èwo ni kí n ṣe, mà?"

"Má pa á! Rárá, pa á! Dúró ná!" Noreen di orí mú. Bó bá gbóná, ó gbé. Bó bá tutù, ó tún gbé. Inú bí i sí ẹ̀rọ, inú bí i sí Hubert àti ẹ̀yìn rẹ̀, inú bí i sí gbogbo ọkùnrin tó jókòó sínú ọ́fíìsì ńlá, tí tútù ń fẹ́ sí lára, tó wá ń kọ ọ́ pé kí tẹlòmíì gbóná.

Clovis ń yọ orí láti orí àkàbà. "Mà, òfin náà gan-an, báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?"

Noreen di ojú, ó kà á jáde. "'Bí ó bá ṣe ń rí nínú yàrá lásán, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tà á.'"

"Fíríìjì ńkọ́?"

"Mi ò gbọdọ̀ gbé e sí fíríìjì."

"Ṣé fíríìjì lèyí?"

"Rárá. Yàrá ni."

"Ṣé wọ́n sọ iye tí tẹmómítà gbọ́dọ̀ kà nínú yàrá náà?"

"Wọn ò sọ."

"Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Wọ́n kà á léèwọ̀?"

"Mi ò rí i kà níbì kankan."

"Ó wá ku 'lásán', mà. Ṣé yàrá lásán ni yàrá yín?"

Noreen la ojú, ó yí gbogbo ara rẹ̀ po, ó wo ilé tó ti ń wò láti ọdún méjìlélógún. Kò sí ife níbẹ̀. Kò sí ọ́pínà, kò sí gúgúrú, kò sí ẹ̀pà, kò sí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìgò, tábìlì àti ìwé àṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Clovis," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "kò sí yàrá tó lásán tó èyí ní gbogbo Oklahoma. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ di lásán."

"Bí yàrá lásán bá wá tutù ńkọ́?"

"Kí ọtí inú rẹ̀ bá a tutù! Tó bá gbóná ju yàrá lọ, èmi ni mo ṣẹ̀ sí òfin!"

"Kí n fi sílẹ̀ kó máa ṣe wèrè ẹ̀ lọ?"

"Fi sílẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀, kó o wá ra ìgò rẹ."

Clovis sọ̀ kalẹ̀. Noreen ti wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Nígbà tó padà dé, ó ti wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ nínú oṣù Kìíní, ó fi aṣọ onírun wé ọrùn, ó sì dé fìlà wúlù bo etí. Oòrùn ń yan títì lóde. Nínú ilé, eyín Clovis ń gbá ara wọn.

"Àmọ́ mà, bí aṣọ́tí gidi bá wá wọlé ńkọ́? Kó fọwọ́ kan ìgò, kó ní ọtí yín tutù?"

Noreen de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé àgbọ̀n, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Màá ní, 'Ọ̀gá, ọtí ò tutù rárá. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé súwẹ́tà sílé.'"